Ẹtu Ìdí Igi Ìyeyè

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ebi ń pa yín ni? Mo ní, àlọ́ o!

Ààlọ̀ ooo!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi kò gba títì, kò gba ọ̀nà oko. Ó tẹ orí ba, ó gba abẹ́ ewé kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tẹ́ etí sílẹ̀. Ó dé ìdí igi ìyeyè kan, ó bá Ẹtu níbẹ̀, ó bá Òkété níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, igbó kan wà tí oòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀, àfi bí igi ńlá bá wó. Inú igbó yìí ni Ẹtu àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ má fi Ẹtu wé Àgbọ̀nrín o. Àgbọ̀nrín ga, ara rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n fi ẹfun tọ́ sí. Ẹtu kò ju ọmọ ewúrẹ́ lọ. Bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí rẹ̀ kò ní kọjá orúnkún mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ tí òjò àná pa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí orín tí ẹ fi ń rin ẹnu láàárọ̀. Ìwo rẹ̀ kúkurú, irun orí fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju èjìká rẹ̀ lọ, bí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ fún eré kó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sá fún.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Jọláadé, ṣé ìwọ ni? Nítorí pé ó kéré? Dúró ná.

Lábẹ́ ojú Ẹtu, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ihò tóóró kan wà níbẹ̀. Omi dúdú kan máa ń sun jáde láti inú rẹ̀. Ẹkún kọ́ o. Ó dà bí òróró, ó sì ní òórùn, ṣùgbọ́n imú tiwa kò tó o gbọ́. Láràárọ̀, Ẹtu á jáde, á máa tọ ọ̀nà rẹ̀. Bó bá dé ibi igi kékeré kan, á na ọrùn, á rọra fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu igi náà, bí ìyá ti ń nu ojú ọmọ. Òróró á kan igi. Igi á tẹ̀, á tún padà nàró. Ibi tí òróró yẹn bá wà, ilé Ẹtu ni. Ẹtu mìíràn tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ á yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí pé a ń lọ sílé baálẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ó máa ń gbà lójoojúmọ́, títí ọ̀nà yẹn á fi dán lábẹ́ ewé bí ihò tí ẹnìkan fi ọwọ́ gbẹ́. Ojú Ẹtu tóbi, ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n imú ni ó fi ń mọ ilé.

Ẹtu kì í ní ju ọkọ kan lọ. Ọkọ rẹ̀ náà kì í fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń wo ilẹ̀, ẹ má wo èmi. Ẹtu ni kí ẹ lọ bá jà.

Nígbà tí mò ń wí yìí, Ẹtu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ọmọ yìí kò tíì lè bá a rìn, nítorí náà, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìtàkùn níbi tí ewé ti dí. Ó lá ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, títí ara ọmọ kò fi rùn mọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹnu sí i létí, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é. "Jẹ́jẹ́ bí ewé" ni kí ẹ máa wí.

Ọmọ mi, dùbúlẹ̀ o,
*Jẹ́jẹ́ bí ewé.*
Bí ẹsẹ̀ bá ń kọjá,
*Jẹ́jẹ́ bí ewé.*
Bí ohùn bá ń pè ọ́,
*Jẹ́jẹ́ bí ewé.*
Ahọ́n mi ni kóo dìde fún,
*Jẹ́jẹ́ bí ewé.*

Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ohùn yín kò jáde o.

Igi ìyeyè ńlá kan wà láàárín ilẹ̀ Ẹtu. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ìyeyè á pọ́n, á máa bọ́ sílẹ̀ pó, pó, pó. Àwọn Ọ̀bọ á wà lókè, wọn á bu èso jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọn á sọ ọ́ nù, wọn á tún já òmíràn, nítorí Ọ̀bọ kò mọ bí a ti ń jẹun tán. Ẹtu á wà nísàlẹ̀, á máa ṣa ohun tó bọ́ jẹ. Bí Ẹtu bá gbọ́ ìró tí kò mọ̀, á fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, kì! Á fi imú fọn, fíì! Àwọn Ọ̀bọ á fò lọ sórí ẹ̀ka gíga. Bí Ọ̀bọ bá rí idì lókè, á pariwo, Ẹtu á wọ inú igbó lọ. Kò sí ẹni tó pè wọ́n jókòó kí wọ́n tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn jọ ń gbé ni.

Òkété náà ń gbé nítòsí. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ ògán kan, kò jìnnà sí igi ìyeyè. Ní ayé ìgbà yẹn, ọ̀sán gangan ni Òkété ń rìn bíi tiwa. Ẹlẹ́dàá fún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dà bí àpò. Ohun tí ẹ̀yin ń fi apẹ̀rẹ̀ kó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni òun fi ń kó o. Á kó ẹyìn wọlé, á kó ẹ̀pà wọlé, á kó ohun tí kì í jẹ pàápàá wọlé. Ìyeyè tó wà nílẹ̀ pọ̀ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé Ẹtu mú ẹyọ kan, inú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tó jẹ ata.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, o tún ti dé."

Ẹtu ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní káàárọ̀. Ìyeyè tí ò ń jẹ yẹn, ta ló ni ín?"

"Èyí tó wà lókè, ti àwọn Ọ̀bọ ni. Èyí tó bọ́ sílẹ̀, ti ẹni tó bá wà nílẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ mú níbẹ̀."

"Kí n mú níbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà mi rèé! Ohun tó bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà mi, tèmi ni."

"Bàbá, ẹnu ọ̀nà yín mà wá fẹ̀ o. Ti ààfin kò tó o."

Àwọn Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín lókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Òkété, gbé ti ẹnu rẹ mì kóo tó sọ̀rọ̀! Omi ìyeyè ń tọ́ sí ìyàwó wa lára!"

Ohun tó bí Òkété nínú nìyẹn. Ó lọ sí àbàtà, níbi tí Òjòlá ká jọ sí. Òjòlá kò tíì jẹun láti ìgbà ọyẹ́.

Òjòlá ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá mi. Òkété, ọmọ yín."

"Ọmọ mi? Sún mọ́ ibí kí n rí ọ dáadáa."

"Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá. Ẹran ni mo wá fi lọ̀ yín. Ẹtu."

"Ẹtu kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ó ti mọ ọ̀nà tirẹ̀."

"Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ibí ni ọ̀nà tirẹ̀ máa gbà. Ẹran fún yín, ìyeyè fún mi. Kò tán?"

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

Òkété rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ kò bá rí ẹran jẹ, kí ẹ wá bi mí."

Òjòlá ní, "Màá wá bi ọ́ o."

Kí ni Òkété ṣe? Bí oòrùn ti wọ̀, ó jáde. Ó gé àwọn igi kékeré tí Ẹtu ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù, ó fi eyín gé wọn nídìí, rúgú, rúgú. Ó kó wọn sẹ́nu. Ó wá ń gbìn wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní apá ibòmíràn, láti ibi ìtàkùn títí dé àbàtà. Àwọn àkọ́kọ́, ó walẹ̀ fún wọn dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyeyè kò lè gbin igi pẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé àbàtà, ó kàn ń fi igi gún ẹrẹ̀ ni, ó ń sáré.

Ilẹ̀ mọ́. Ọkọ Ẹtu ti jáde lọ sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn, nítorí ó gbọ́ òórùn àlejò lápá ibẹ̀. Ẹtu fún ọmọ lọ́mú, ó lá a, ó kọrin sí i létí, ó jáde. Ó tẹ̀lé imú rẹ̀. Ọ̀nà yà sápá òsì. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Ta ni kò ní gba imú ara rẹ̀ gbọ́? Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu igi kan, igi tẹ̀, ó padà nàró. Ó nu òmíràn, ó nàró. Ó ń lọ. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ pátákò rẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu igi kan báyìí, igi náà ṣubú.

Ẹtu dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti dúró. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ó ní ewé ni. Ó rọra wo ìdí igi náà. Kò ní gbòǹgbò. Ojú eyín ni ó rí níbẹ̀, funfun, tútù.

Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Igi tèmi kì í ṣubú."

Ó wá tẹ́ imú kọjá òórùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbọ́ òórùn ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ẹrẹ̀ ni ó gbọ́ òórùn Òjòlá.

Òjòlá ju orí! Ẹtu ti tẹ orí tirẹ̀ ba, ó rì sínú igbó bí òkúta tí wọ́n sọ sódò. Ewé pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Igi ni Òjòlá gbá mú. Ó rún un lẹ́nu, ó tu ú dànù, ó sì mú ọ̀nà igi ìyeyè pọ̀n.

Òkété ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ó ti kó ìyeyè kún yàrá, ó kó o kún ibi tó ń sùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Òkété máa ń ní ọ̀nà ẹ̀yìn nínú ihò rẹ̀, tí ó ń fi ewé bò, kó lè ríbi sá gbà bí ogun bá dé iwájú. Ó ti kó ìyeyè dí ìyẹn náà. Ibi tó ti ń ronú ibi tí yóò tún kó sí ni ó ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi. Mo wá bi ọ́."

Gbogbo irun ara Òkété dìde. "Bàbá! Ẹ... ẹ kò rí i ni?"

"Igi ni mo rí. Mo sì ti jẹ ẹ́. Ẹran dà?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ó ní ọmọ! Ọmọ tuntun, egungun rẹ̀ kò tíì le. Mo mọ apá ibi tó fi í sí."

Wọ́n bá lọ. Wọ́n dé ibi ìtàkùn. Òkété wo ìdí yìí, ó wo ìdí tọ̀hún. Kò rí nǹkan. Òjòlá na ahọ́n, ó fi ahọ́n wá gbogbo ibẹ̀. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ọmọ Ẹtu sì wà níbẹ̀! Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ikùn Òjòlá wọ́ kọjá lórí ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ gan-an. Kò mira. Kò ṣẹ́ ojú. Jọláadé, ìwọ tí eṣinṣin kan bà lé lẹ́ẹ̀kan tí o fò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ṣé o gbọ́? Ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn ni mò ń sọ yìí.

Òkété rí i pé ojú Òjòlá tún ti ń yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun. Ó yára fo gun kùkùté igi kan, ó fi ọwọ́ di imú mú bí àwọn ọdẹ ti ń ṣe, ó ké bí ọmọ ẹtu tí nǹkan mú.

"Mẹ̀ẹ́! Mẹ̀ẹ́!" Ó yíjú sí Òjòlá. "Bí ọmọ kò bá dìde, ìyá á wá."

Ẹtu wà nínú igbó lọ́hùn-ún, ó ń sinmi àyà. Ó gbọ́ igbe náà. Kò dúró wo ọ̀nà, kò wá igi kankan. Ó wọ́ ikùn nílẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀gún, ó dé ẹ̀yìn ewé kan, ó yọjú. Ó rí Òkété lórí kùkùté, tó di imú mú. Ó rí Òjòlá tó ká jọ gègèrè. Ó rí ìtàkùn. Ìrù Òjòlá wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàkùn yẹn, ó ń gbọ̀n fún ebi. Bí Òjòlá bá tún ká ara lẹ́ẹ̀kan sí i, orí ọmọ ni yóò ká a lé.

Ẹtu kì í jáde sí gbangba. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò ṣe é rí. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé, dúró, di ewé, wọn ò ní rí ọ. Òótọ́ ni, wọn kò ní rí òun. Ọmọ ńkọ́?

Ó jáde. Ó dúró sí gbangba lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dà bí orín yẹn. Ó gbá ilẹ̀, kì! Ó fọn imú, fíì!

Ó ní, "Bàbá Òjòlá! Ẹran tí ẹ ń wá rèé. Àbí igi tí ẹ jẹ láàárọ̀ ti yó yín?"

Òjòlá yí orí. Ẹtu kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé ìrù sókè. Abẹ́ ìrù ẹtu funfun bí òwú. Ó ń jù ú, fẹ̀, fẹ̀, fẹ̀. Òjòlá tú ká, ó tẹ̀lé e. Ẹtu kò sáré o. Bó bá sáré jù, Òjòlá lè padà. Ó ń rìn ní ìwọ̀n ebi Òjòlá. Bí orí Òjòlá bá sún mọ́ ọn, á fò síwájú. Bó bá jìnnà, á dúró dè é, á tún ju ìrù, fẹ̀. Òkété ti gé gbogbo igi ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, imú rẹ̀ kò rí ohun kan tẹ̀lé mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ ọ́n, ọ̀gbun yìí, gbòǹgbò yìí, kọ̀rọ̀ yìí. Ó ń mú Òjòlá jìnnà sí ọmọ rẹ̀.

Òkété ṣẹ́ kù lórí kùkùté. Ó ronú. Ó ní, "Ẹtu ò sí ńlé. Òjòlá ò sí ńlé. Ta ló kù nídìí ìyeyè?" Ló bá gba ọ̀nà àbùjá, ó sáré dé ìdí igi. Ó ń ki ìyeyè bọ ẹnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kún, ó tún ki èyí tó tóbi jù sí àárín.

Àwọn Ọ̀bọ ké lókè. "Òkété! Òjòlá ń bọ̀ o! Wọlé!"

Ó sáré dé ẹnu ihò. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ há. Ó sáré dé ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyeyè ló dí i. Ó padà síwájú, ó tún ki orí bọ̀ ọ́. Ó há.

Ọ̀bọ àgbà ní, "Tu ú dànù! Ìwọ ẹlẹ́nu bí àpò, tu ú dànù!"

Òkété fẹ́ fèsì, kò sí àyè fún ahọ́n. Ó ń ro ó nínú ara rẹ̀. Èwo ni kí n tu? Ti ọ̀tún ló pọ́n jù. Ti òsì ló sanra jù. Ti àárín yìí, n kò lè wí pé n kò fẹ́ ẹ. Ibi tó ti ń ro ó ni Ẹtu ti yọ láti inú igbó. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògán kọjá, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan péré, ó rì sínú ewé. Òjòlá yọ tẹ̀lé e. Ó wá ìrù kan, ó rí ìrù mìíràn. Ìrù gígùn kan ló nà sílẹ̀ lẹ́nu ihò, dúdú, ó ń mì.

Òjòlá ní, "Ọmọ mi." Ó gbá a mú.

Pwẹ̀! Ìgbà yẹn ni Òkété tó tu ìyeyè. Ìyeyè fò bí òkò, ọ̀kan ba Òjòlá níwájú orí. Òkété fà, Òjòlá fà. Òkété fi èékánná wa ilẹ̀, ó wọlé sínú ìyeyè rẹ̀ tó ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n awọ ìdajì ìrù rẹ̀ bọ́ sẹ́nu Òjòlá. Láti ọjọ́ náà ni ìrù òkété ti dúdú nídìí, tó funfun ní ṣóńṣó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ọ̀sán bá òun níta mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ mú òkété wá, kí a gbé fìtílà, kí a jọ wo ìrù rẹ̀.

Òjòlá wo awọ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹran tí wọ́n ní kí n wá jẹ nìyí?" Ó gbé e mì, ó wọ́ padà sí àbàtà rẹ̀, inú ń bí i, ebi ń pa á.

Ẹ ó ní Ẹtu sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. Kò sáré. Ọ̀bọ àgbà fi ìyeyè tó dáa jù ránṣẹ́ sí i láti òkè, ó ní, "Ìyàwó wa, o ṣe é o! Jẹ díẹ̀!" Kò jẹ. Ó dúró sínú ewé, ó ń tẹ́tí, títí gbogbo ẹyẹ fi padà sí orin wọn, títí kò fi sí ìró àjèjì kankan mọ́. Ìgbà náà ni ó tó bọ́ sọ́nà. Bó ti ń lọ, ó ń yan igi tuntun, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù wọ́n. Igi ń tẹ̀, igi ń nàró.

Ó dé abẹ́ ìtàkùn. Ọmọ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Èèrà kan ń rìn lórí imú rẹ̀. Kò dìde nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀. Kò dìde nígbà tó rí òjìji. Ẹtu tẹ orí ba, ó fi ahọ́n kan án níwájú orí. Ọmọ fò dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti orí sábẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń mu ọmú bí ẹni pé kò rí ọmú rí.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbà. Àwọn kan á sọ fún yín pé ti Òkété ni àlọ́ yìí, pé ó ń kọ́ wa kí á má ṣe fẹ́ gbogbo nǹkan fún ara wa nìkan. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Ti Ẹtu ni àlọ́ mi. Ó ń kọ́ wa pé kí á má wo kíkéré ẹni kan kí á sọ pé kò lè ṣe nǹkan. Ẹranko tí gbogbo ayé mọ̀ sí ojo, tí ó máa ń sá fún ìró ewé, ó jáde sí gbangba níwájú Òjòlá nígbà tó kan ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó sì jáde.